Àbùùbùtán ni mo fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, barnacle ni wọ́n ní kí n máa kà

ỌmọEtíOmi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 16 ni mí, mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ àbùùbùtán ti wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù lè gùn tó mítà 30, pé kì í ṣe ẹja, pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, pé bí kò bá jáde wá mí sójú omi, inú omi tó ń gbé náà ni yóò kú sí. Nígbà tí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa wá ní àwọn fẹ́ máa kó àwa mélòó kan lọ sí etí òkun lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ká lè kọ́ nípa ẹ̀dá inú òkun, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, wọn ò mú wa wọ ọkọ̀. Wọn ò fi ohunkóhun tó ní ìrù hàn wá. Férémù onígi kan ni wọ́n gbé fún mi, igun mẹ́rin ọgbọọgba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé. Wọ́n ní kí n gbé e lé àpáta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, kí n máa ka iye barnacle tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, àwọn nǹkan funfun ṣóńṣó kékeré yẹn ni, tó máa ń lẹ̀ gbàgbà mọ́ àpáta àti abẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tó ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ. Mo kà wọ́n títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Oòrùn ń pa mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ń bi ara mi pé ṣé ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jí ní ìdájí nìyí.

Ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ ni ojú mi là. Mo lóṣòó ti kòtò omi kékeré kan láàárín àpáta. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó bo barnacle mélòó kan mọ́lẹ̀. Mo ń wò wọ́n ṣáá. Lójijì, lórí ọ̀kan, ilẹ̀kùn tóóró kan là sí méjì, nǹkan kan bí ìyẹ́ ẹyẹ yọ jáde, ó ká kọrọdọ, ó gbá omi lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé padà. Ó tún jáde. Ó ń ṣe é lemọ́lemọ́ bí ẹni ń fọwọ́ pe èèyàn. Kí n tó mọ̀, gbogbo ìyókù ti bẹ̀rẹ̀. Mo pariwo pe olùkọ́ wa. Wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò yẹn. Wọ́n ní ẹ̀dá náà ti fi orí ara rẹ̀ lẹ àpáta láti ìgbà èwe, ó wá ń fi ẹsẹ̀ gbá oúnjẹ sẹ́nu títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Wọ́n tún ní ìbátan akàn àti edé ni.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló gbé mi wá síbí. Lẹ́yìn tí a lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ìwé mi hàn. Olùkọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bi mí bí mo ṣe ń yan ibi tí mò ń gbé férémù sí. Mo ní ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ ni, àbí kí ni mo fẹ́ kà níbi tí kò sí nǹkan? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n fa ìlà kọjá lójú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ oṣù kan àtààbọ̀! Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹ kà, kí ló sì mú kí ẹ má sá?

Akàn_Méjì

Ẹ̀dá tó fi orí lẹ àpáta tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun! Bí mo bá dán an wò nílé fún ìṣẹ́jú kan péré, wọ́n á pe dókítà.

Jẹ́jẹ́Layé

Àbúrò, má bínú sí mi o, ó jọ pé olùkọ́ yín ṣì yín lọ́nà. Nǹkan tó ní ìkarahun líle, tó jókòó gẹlẹtẹ sójú kan, mọ̀lẹ́bí ìgbín ló yẹ kó jẹ́. Akàn ń rìn, edé ń lúwẹ̀ẹ́. Ta ló rí barnacle tó ń lọ síbì kan rí?

TíṣàÀná

Kí ẹnikẹ́ni má fi Jẹ́jẹ́Layé ṣẹ̀fẹ̀, ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé àtijọ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò. Cuvier ará Faransé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfin láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí ẹranko nígbà ayé rẹ̀, ẹgbẹ́ ìgbín ló kà wọ́n mọ́. Ọdún 1830 ni dókítà ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ John Vaughan Thompson tẹ ohun tó rí jáde: ó ti wo ọmọ barnacle dáadáa, ó rí i pé ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, pé ó ní ẹsẹ̀ oríkèé-oríkèé, pé bí ọmọ edé ló rí. Ìkarahun ló ń tan gbogbo ayé jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyí. Bó bá ti jáde nínú ẹyin, á máa léfòó kiri, á máa jẹun, á máa bọ́ awọ bó ṣe ń dàgbà. Tó bá dé ìpele tó kẹ́yìn kó tó jókòó, kì í jẹun mọ́ rárá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, ìyẹn ni kó wá ibi tí yóò gbé. Á bà lé àpáta, á máa fi ìwo méjèèjì tó wà níwájú orí rẹ̀ rìn lórí rẹ̀, á máa tọ́ ọ wò bóyá àwọn àgbà irú tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ rí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún gbéra. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú àtè jáde láti ara ìwo yẹn, á dorí kodò, ó parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń kọ́ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Nítorí náà, Jẹ́jẹ́Layé, ó ti rìn rí. Ó ti dé ibi tó ń lọ ni.

ỌmọEtíOmi, o ní barnacle sú ọ lọ́jọ́ kan. Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ará Gẹ̀ẹ́sì, lo ọdún 8 lé wọn lórí, láti 1846 dé 1854. Inú ilé rẹ̀ ló ti ń gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn èèyàn ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i láti ibi gbogbo. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò kan, ó sì béèrè ibi tí bàbá ilé náà ti máa ń ṣe barnacle tirẹ̀. Ọmọ ọ̀hún rò pé iṣẹ́ tí gbogbo bàbá ń ṣe nílé nìyẹn.

Ní ti ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n fa ìlà sí, olùkọ́ rẹ ò ṣẹ̀ ọ́. Ó dùn mí fún ọ, ṣùgbọ́n wọn ò ṣẹ̀ ọ́. Ṣé wọ́n ṣàlàyé ohun tó burú níbẹ̀?

Jẹ́jẹ́Layé

Háà. Ọmọ tó ń rìn kiri, àgbà tó jókòó. Mo ti gbọ́.

ỌmọEtíOmi

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Wọ́n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ gbọ́. Ìgbà tí mo délé ni ó tó yé mi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí àwọn ará àdúgbò kan ṣe pọ̀ tó, tó wá jẹ́ pé inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó nìkan ló ń wọ̀, kí ni yóò rò? Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ọ̀nà tí wọ́n wá kọ́ mi ni pé kí n na téèpù ìwọ̀n láti òkè àpáta lọ dé ibi tí omi fà sí, mítà 20. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára bébà péńpé, wọ́n ká wọn, wọ́n dà wọ́n sínú fìlà. Èyí tí mo bá mú láìwò, ibẹ̀ ni férémù ń lọ. Nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ mú gbé mi lọ sórí àpáta gbígbẹ pátápátá tí kò sí ẹyọ kan lórí rẹ̀. Mo ní kí n tún mú òmíràn. Wọ́n ní rárá. Mo ní kí ni kí n wá kọ? Wọ́n ní, "Kọ òdo. Òdo náà nọ́ńbà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti àpáta òfìfo, mo kọ òdo sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé inú bọ́ọ̀sì.

Olùwádìí_Òkun

Àbúrò, káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ òdo.

Èmi ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹja. Ní ti ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kà, òkúta inú etí ẹja ni. Ẹja kò ní etí lóde, ṣùgbọ́n òkúta wà nínú orí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òun ló fi ń gbọ́ ìró, tó sì fi ń mọ̀ bí ara òun bá dọ́gba nínú omi. Bí ẹja ṣe ń dàgbà ni òkúta yìí ń ní ìpele lórí ìpele. A ó yọ ọ́, a ó là á sí méjì, a ó fá a títí yóò fi tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ á lè gbà á kọjá, a ó wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. O ó rí òrùka rẹ̀ bí ti ara igi tí wọ́n gé. Ìgbà tí oúnjẹ pọ̀, òrùka á fẹ̀; ìgbà tí nǹkan le, á tóóró. Ọ̀kan fífẹ̀ àti ọ̀kan tóóró lápapọ̀ jẹ́ ọdún kan láyé ẹja yẹn. Mo ka irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó 400 lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò rí iye tí mo kọ, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí tèmi àti tirẹ̀ kò bá bára mu, a ó jọ padà sídìí rẹ̀. Mo sunkún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, èébì ni mo fi kí òkun.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí kíkà lásán lè ṣe fún ọ. Ọdún 1963 ni Robert Paine, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè kan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní etí òkun ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Starfish kan, ẹ̀dá òkun tó rí bí ìràwọ̀, wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pisaster; mussel, ẹ̀dá oníkarahun méjì tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ló máa ń jẹ jù. Paine mú àyè kan lórí àpáta, ó ń fi irin wú gbogbo starfish tó wà níbẹ̀, ó ń sọ wọ́n padà sínú omi jíjìn. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá ń padà lọ kà. Ẹ̀yà 15 ló wà lórí àpáta náà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1966, wọ́n ti ṣẹ́ kù sí 8 níbi tí kò sí starfish mọ́, mussel sì ti ń gba gbogbo ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ẹ̀dá kan ṣoṣo ló fi ẹnu rẹ̀ di ilé gbogbo wọn mú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ì bá gba ọ̀rọ̀ Paine gbọ́ ká ní ibi tó wù ú nìkan ló ti lọ kà?

Ìyá_Òǹkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọmọbìnrin mi náà ti ń da èmi àti bàbá rẹ̀ láàmú pé ẹ̀dá inú òkun lòun fẹ́ kọ́. Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù. Àkọ́kọ́, ọmọ yìí ò mọ omi wẹ̀. Kò tiẹ̀ fẹ́ kí omi kan ojú òun. Ìkejì, kí ni yóò máa ṣe lẹ́yìn tó bá gboyè? Ẹ bá mi sọ òótọ́, ẹ má pọ́n mi.

Olùwádìí_Òkun

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Òótọ́ náà nìyí.

Omi wíwẹ̀ dára kó kọ́ ọ, kó lè gba ara rẹ̀ là bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwa mẹ́fà tí a jọ wà ní yàrá ìwádìí wa, àwa méjì péré ló máa ń wọ omi. Ìdí kọ̀ǹpútà àti ìdí máíkírósíkóòpù ni ọjọ́ wa ń parí sí. Ẹnì kan wà tí mo máa ń rántí, Marie Tharp. Ilẹ̀ ló kọ́, kì í ṣe ẹ̀dá oníyè, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń fún irú ọmọ yín lápẹẹrẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ọkọ̀ ìwádìí. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, àwọn ọkùnrin ń kó ìwọ̀n jíjìn omi wá fún un, òun ń yà á sórí bébà. Láàárín 1952 sí 1953 ló rí i nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn pé àfonífojì kan la òkè tó wà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì já láàárín. Àwọn tó lọ síbẹ̀ kò rí i o. Ẹni tó jókòó sílé ló rí i.

Iṣẹ́ wà, Mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi hàn nínú fíìmù, kí èèyàn máa bá dolphin ṣeré. Ẹja sísìn wà níbẹ̀. Àwọn tó ń yẹ omi wò bóyá ó ti ní májèlé wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣírò iye ẹja tí a lè pa tí ìran rẹ̀ ò ní tán wà níbẹ̀. Ẹni tí ìṣirò bá yé dáadáa ló ń tètè ríṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó mú máàtì ní ọ̀kúnkúndùn ju bó ṣe mú omi lọ.

TíṣàÀná

Mo fara mọ́ ọn, kó má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú kẹ́mísírì. Iyọ̀ inú omi òkun, bíi gíráàmù 35 nínú kílò kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàọ́lọ́jì nìkan.

Ẹja_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n ỌmọEtíOmi, èmi kéré sí yín, ọmọ ọdún 13. Èmi ò fẹ́ àpáta o. Ibú lèmi ń fẹ́, níbi tó ṣókùnkùn, tí àwọn ẹja ń tan iná lára. Ṣé àwọn olùkọ́ yín ò sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀ ni?

ỌmọEtíOmi

Wọ́n sọ ọ́, èmi náà sì lọ kà sí i títí mo fi gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá. Àbúrò, gbọ́ eléyìí.

Lọ́dún 1977, àwọn kan wọ ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí wọ́n ń pè ní Alvin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá erékùṣù Galápagos, bíi mítà 2,500 sísàlẹ̀. Gbogbo mítà 10 tí o bá sọ̀, ìwúwo omi ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ayé kan kún ohun tó ń tẹ̀ ọ́. Ṣe ìṣirò rẹ̀: bíi ìlọ́po 250. Omi gbígbóná tó ń jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n, kò sí onímọ̀ ẹ̀dá oníyè kankan nínú wọn, torí ta ló rò pé nǹkan ń gbé níbẹ̀? Wọ́n tan iná, wọ́n rí ẹ̀dá lóríṣiríṣi tó kúnlẹ̀ bámúbámú. Wọn ò mú oògùn tí wọ́n fi ń pa òkú ẹran mọ́ dání tó, ọtí vodka tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n rọ sí díẹ̀ lára wọn. Òótọ́ ni o, mi ò purọ́.

Èyí tó gba ọkàn mi jù ni aràn ńlá kan tó ń gbé nínú ọ̀pá funfun, orí rẹ̀ pupa fòò, ó sì lè ga ju èèyàn lọ. Riftia ni wọ́n sọ ọ́. Kò lẹ́nu. Kò ní ìfun. Báwo ló ṣe ń jẹun? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard, Colleen Cavanaugh, jókòó síbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń sọ̀rọ̀ nípa aràn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní àwọn rí imí ọjọ́ (sulfur) wóró-wóró nínú ara rẹ̀. Colleen dìde lójú ẹsẹ̀ pé á jẹ́ pé bakitéríà ló ń gbé nínú ara aràn náà, tó ń fi gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ṣe oúnjẹ fún un, láìsí oòrùn kankan níbẹ̀. Ó lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé lọ ni o, kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nítorí náà mi ò ní kí o má fẹ́ ibú. Ṣùgbọ́n Alvin kò sí lọ́wọ́ mi. Àpáta ló wà lọ́wọ́ mi.

Ẹja_Kékeré

Kò lẹ́nu??? Mo ti sọ fún gbogbo ilé.

Jẹ́jẹ́Layé

Mo tún padà dé. Ẹ má pè mí ní ọ̀tá ìmọ̀. Gbogbo ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n kí ni èrè rẹ̀ fún ẹni tí kò dé etí òkun rí? Kí ni ẹni tó ń ka barnacle fi sàn ju ẹni tí kò kà á?

Akàn_Méjì

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Jẹ́jẹ́Layé. Ẹnì kan ní láti máa wò.

TíṣàÀná

Akàn_Méjì ti fi òwe dá a lóhùn, èmi á fi ọ̀rọ̀ lásán dá a lóhùn. Barnacle tó bá bo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń mú kí omi máa fà á sẹ́yìn, epo tó ń jó á pọ̀ sí i, owó ọjà inú rẹ̀ á gbéra. Ohun tí wọ́n fi ń kun abẹ́ ọkọ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn tó jókòó wo ẹsẹ̀ àti ìwo rẹ̀ ló ń ran wọn lọ́wọ́ láti wá a. Ní ti ẹni tí kò dé etí òkun rí, ó ń mí, àbí kò mí? Nǹkan bí ìdajì atẹ́gùn ọ́síjìn tí àwọn ewéko ń ṣe jáde láyé, ọ̀dọ̀ àwọn ewéko tíntìntín àti bakitéríà tó ń léfòó lójú òkun ló ti ń wá. Ojú lásán ò rí wọn.

Jẹ́jẹ́Layé

Ti owó ọkọ̀ yẹn ti yé mi. Ẹ máa kà á lọ.

ỌmọEtíOmi

Mo padà wá pẹ̀lú èsì. A lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo mú nọ́ńbà 10 nínú fìlà, mi ò yan ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe tò láti òkè àpáta lọ sí ìsàlẹ̀ nìyí:

0, 0, 3, 41, 88, 0, 126, 97, 112, 60.

Mo rí nǹkan méjì tí mi ò rí rí ní gbogbo ìgbà tí mò ń yan ibi tó wù mí. Èkíní, oríṣi barnacle méjì ló wà níbẹ̀! Àwọn tó wà lókè kéré, wọ́n rí bí eérú. Àwọn ti ìsàlẹ̀ tóbi, wọ́n funfun, wọ́n há mọ́ra wọn débi pé òmíràn ga sókè bí igò torí kò sí àyè tí yóò fi fẹ̀. Ní àárín, níbi férémù kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn méjèèjì dàpọ̀ díẹ̀. Ìkejì ni òdo tó wà láàárín yẹn, férémù kẹfà. Àpáta ibẹ̀ kò gbẹ, kò sí ohun tó ṣe é. Barnacle ò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀dá mẹ́rin wà níbẹ̀ tó dà bí fìlà ṣóńṣó, limpet ni olùkọ́ wa pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sínú ojú àpá kan lórí àpáta tó bá etí ìkarahun rẹ̀ mu rẹ́gí, bí ìgbà tí ìdérí bá bá ìkòkò mu.

Ẹ̀gbọ́n Olùwádìí, kí ni mo rí?

Olùwádìí_Òkun

O rí iṣẹ́ gidi, àbúrò. Inú mi dùn débi pé mo ka èsì rẹ sókè fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi limpet. Ojú àpá yẹn ni ilé rẹ̀. Bí omi bá bò ó, á jáde lọ jẹko, ìyẹn ewéko tó fẹ́lẹ́ lójú àpáta, bí omi bá tún fẹ́ fà, á padà sójú àpá rẹ̀ gan-an, kó lè fún ara mọ́ ọn kó má gbẹ. Ahọ́n tó fi ń há àpáta kún fún eyín wẹ́wẹ́ tí èròjà irin wà nínú wọn. Bó ṣe ń há kiri, ọmọ barnacle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kò lè dúró dè é, á gbá a dànù ni. Ó ṣeé ṣe kí òdo rẹ jẹ́ pápá ìjẹko ẹnì kan.

Ní ti oríṣi méjì, ọ̀rọ̀ náà ní baba. Joseph Connell, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè kan, ṣe irú rẹ̀ ní Scotland, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961. Oríṣi barnacle méjì ló wà níbẹ̀: Chthamalus kékeré wà lókè, Balanus ńlá wà nísàlẹ̀. Ṣé Chthamalus kò lè gbé ìsàlẹ̀ ni, àbí wọn ò jẹ́ kó gbé e? Connell gbé òkúta tí Chthamalus wà lórí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí Balanus jókòó sí i, ó yọ wọ́n kúrò ní apá kan òkúta, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní apá kejì. Níbi tó ti yọ wọ́n, Chthamalus ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ láìsí wàhálà. Níbi tí Balanus ti wà, wọ́n hù bò ó, wọ́n fún un pa, wọ́n fi ìkarahun wú u kúrò nílẹ̀. Òkè ni Balanus kò lè dé, oòrùn á gbẹ ẹ́ pa. Ẹni tó lágbára gba ilẹ̀ rere, ẹni tó lè fara da ìyà gba orí àpáta.

Ṣùgbọ́n dúró ná. Mi ò sọ pé ohun tó wà lórí àpáta tìrẹ nìyẹn. Ẹ̀yà tìrẹ lè yàtọ̀. Ya fọ́tò wọn láti òkè tààrà, kí ilẹ̀kùn àárín hàn, gbé e sí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò ẹ̀dá sí, àwọn tó mọ̀ wọ́n á bá ọ dárúkọ wọn. Lẹ́yìn náà kí o béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ bóyá o lè fá ojú ibì kan kékeré.

Ìyá_Òǹkàwé

Mo pe ọmọ mi wá kà á. Ó ti ń gé páálí sí igun mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà 50. Kòkòrò inú koríko ẹ̀yìn ilé ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ná, kò sí omi níbẹ̀.

ỌmọEtíOmi

Ẹ bá mi kí i, Mà. Ẹ sọ fún un pé kó ká nọ́ńbà sínú fìlà o!

Olùkọ́ wa gbà kí n fá ojú ibì kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbi tí oríṣi méjèèjì ti dàpọ̀. Mo fi ọ̀dà sàmì sí igun rẹ̀ kí n lè rí i padà. Ìyẹn ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lónìí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi fà jìnnà gan-an, mo dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta, mo gbé gíláàsì amúǹkan-tóbi sójú. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà. Láàárín wọn, mo ka nǹkan 7, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju orí pẹ́ńsù tí wọ́n gbẹ́ lọ.

Wọ́n ti kéré jù, mi ò lè mọ oríṣi èyí tí wọ́n jẹ́. Mo kọ 7 sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, limpet kan wà níwọ̀n ìka mẹ́ta sí àmì ọ̀tún lókè.